Àwọn Lẹ́tà Tí Wòlíì Èrè Ń Kà

Láti ìgbà tí Ambrose Àríyọ̀ ti fi Èkó sílẹ̀ wá sílé, kò sí ibi tí ìdí rẹ̀ ti ń gbélẹ̀. Bó bá jókòó ti oúnjẹ, á dìde lẹ́ẹ̀mejì kó tó jẹ ẹ́ tán. Á gbé alùpùpù láti Abà Orímisan lọ sí Òkìtìpupa láti lọ ra ìṣáná, nígbà tí odidi páálí ìṣáná wà lórí pẹpẹ ní ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Á tún ọ̀nà odò tí wọ́n ro níjẹta ro. Àwọn ará abà sọ pé Èkó ni kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Mildred, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní ibà inú egungun ni, ó sì ti fún un lóògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́jọ tó dé. Ambrose ń gbé oògùn náà mì. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ibà.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, lọ́dún 1997 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Kó tó wá sílé, ó ti fi ọdún mẹ́jọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn alágbàtà tí ń bá ènìyàn ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́, tí wọ́n sì ń bá wọn tà á, lórí àjà kẹfà ilé kan ní Èkó. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ, kí ọdún tó parí, iye èrè tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ. Bó bá ti kọ ọ́ jáde, àwọn olówó á kà á, wọ́n á fi mọ ṣíà tí wọn óò rà àti èyí tí wọn óò tà. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì máa ń ṣì í. Ambrose náà máa ń ṣì í, àfi lórí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Fìtílà lorúkọ ilé-iṣẹ́ náà, àwọn tí ń ṣe ọṣẹ àti òróró. Ọdún mẹ́ta léra wọn ni ohun tí Ambrose sọ nípa èrè Fìtílà bọ́ sójú ẹ̀ gẹ́lẹ́, bí ẹni pé inú yàrá ọ̀gá wọn ló ń sùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Wòlíì.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹta ọdún náà, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé wọn. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti ẹrọ̀fọ̀ abà, ó sì gbá fáìlì oníke kan mọ́ àyà. Ṣìkẹ́mi Ọlápàdé lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣírò owó ní yunifásítì, ó sì ń kọ ìwé ìwádìí tí yóò fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Àwọn tí Ambrose bá ṣiṣẹ́ ló júwe ilé rẹ̀ fún un. Ó dé sọ́dọ̀ Dora, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kàwé, tó ń ṣiṣẹ́ ní kánsù Òkìtìpupa. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló rí gbà níbi iṣẹ́.

Ambrose gbé àga fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣìkẹ́mi sọ ohun tó gbé e wá, kò sì fi ọ̀rọ̀ gígùn dá a lágara. Ó ní òun ti kó ìwé ìròyìn ọdọọdún ogójì ilé-iṣẹ́ jọ, ti ọdún mẹ́wàá. Ohun tí òun fẹ́ mọ̀ ni bóyá ilé-iṣẹ́ tó ń hùwà ọmọlúwàbí, tó ń ṣe ìtọrẹ àánú fún ará ìlú, ni èrè rẹ̀ rọrùn láti sọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ òun sọ́nà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í fi inú pa mọ́, nítorí náà àwọn tó ń fojú díwọ̀n èrè rẹ̀ kò ní ṣìnà jù. Ìṣírò òun sì ti ń jẹ́rìí sí i. Àfi ìgbà tí òun tẹjú mọ́ ọn, tí òun rí i pé Fìtílà ló ń gbé gbogbo ìṣírò náà ró. Àwọn ni ìtọrẹ wọn pọ̀ jù, àwọn náà ni àsọtẹ́lẹ̀ èrè wọn sún mọ́ òótọ́ jù. Òun tún yẹ̀ ẹ́ wò síwájú sí i. Kì í ṣe gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ wọn ló sún mọ́ òótọ́. Ti ẹnì kan ṣoṣo ni.

“Gbogbo àwọn yòókù ń sọ òkò sínú igbó,” ó ní, “tiyín nìkan ló ń ba ẹyẹ. Ẹ má bínú sí mi, sà. Ṣé ẹnì kan nínú Fìtílà ló ń sọ ọ́ fún yín ni?”

Ambrose ní rárá, ìyẹn sì jẹ́ òótọ́. Ó wá gbé irọ́ lé e. Ó ní iye tí wọ́n ń ta epo pupa lọ́jà àti bí náírà ṣe ń lọ sí dọ́là ni òun ń wò, àti pé ìṣírò tí àwọn yòókù ń ṣọ̀lẹ láti ṣe ni òun máa ń ṣe. Ṣìkẹ́mi ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí Ambrose ṣe ń wo irọ́ ara rẹ̀ tó ń di àkọsílẹ̀, ó dìde lọ bu omi, kò mu ún. Ó jókòó. Ó tún dìde lọ ti fèrèsé tí òjò kì í gbà wọlé.

Ṣìkẹ́mi ní ó ku ohun kan. Òun ti kà á nínú ìwé Fìtílà pé wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn kékeré kan sí Abà Orímisan yìí lọ́dún 1986, àti pé wọ́n gba nọ́ọ̀sì síbẹ̀. Òun fẹ́ rí ilé náà, òun sì fẹ́ bá nọ́ọ̀sì náà sọ̀rọ̀. Ambrose ti la ẹnu láti sọ pé nọ́ọ̀sì ti rìnrìn-àjò, ni Mildred bá yọ láti ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì funfun fún ẹ̀gẹ́ tó ń fún.

“Èmi ni nọ́ọ̀sì náà,” ó ní. “Jẹ́ kí n ṣan ọwọ́.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyí. Láti ìgbà tí Ambrose ti dé Èkó ni ìyá rẹ̀ ti ń kọ lẹ́tà sí i lóṣooṣù. Opó ni Mildred, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, lẹ́yìn ọmọ náà kò sì sí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ bí ilé ìwòsàn. Ohun tó ń kọ náà nìyẹn: ọmọ mélòó ló gbẹ̀bí, ta ni ejò bù jẹ, báwo ni ẹ̀gẹ́ ṣe ta, àti bí ọkọ̀ Fìtílà ṣe ń gbé oògùn wá lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Bí oògùn bá kún, á kọ ọ́. Bó bá jẹ́ àbọ̀, á kọ ọ́, á sì fi ohun tí dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ sọ kún un, pé wọ́n ti dá àwọn kan dúró lẹ́nu iṣẹ́ tàbí pé ẹ̀rọ tuntun ti dé. Ní 1991 ni Ambrose kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ọdún tí oògùn bá kún, èrè Fìtílà máa ń kún. Ọdún tí oògùn bá dín, èrè a dín. Bí nǹkan bá fẹ́ le fún ilé-iṣẹ́ náà, ọwọ́ tó fi ń tọrẹ ló kọ́kọ́ máa ń ká kò, tipẹ́tipẹ́ kó tó hàn nínú ìwé kankan. Ambrose kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 1993, nígbà tí wọ́n wọ́gi lé ìbò tí ìlú sì dàrú, gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ní ọṣẹ kò ní tà. Ìyá rẹ̀ kọ̀wé pé páálí oògùn mẹ́tàlá ni ọkọ̀ gbé wá, kò sí irú rẹ̀ rí. Ambrose ní èrè Fìtílà yóò gòkè. Ó gòkè.

Ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé pé ọkọ̀ kò wá rárá. Mildred kọ ọ́ báyìí: “Abẹ́rẹ́ tí mo fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró fún ìyá ọlọ́mọ tuntun ti ku méjì péré. Mo ti kọ̀wé sí wọn, n kò rí èsì. Bí o bá lè bá mi wá díẹ̀ ní Èkó, yóò dára.” Orí tábìlì iṣẹ́ ni Ambrose ti kà á. Ó mú bírò pupa, ó fa ìlà sábẹ́ “méjì péré”. Kò fa ìlà kankan sábẹ́ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn. Ní oṣù kẹfà, ó gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde pé èrè Fìtílà yóò já sí ìdajì, nígbà tí gbogbo ayé ń sọ pé yóò tún gòkè sí i. Àwọn tó gbà á gbọ́ sáré ta ṣíà wọn kó tó di pé ó wálẹ̀. Wọ́n fún Ambrose ní ọ́fíìsì tirẹ̀, wọ́n sì fún un lọ́kọ̀.

Ní oṣù kẹjọ, lẹ́tà mìíràn dé. Gbémi, ìyàwó Jethro tí òun àti Ambrose jọ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí ọmọbìnrin, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Abẹ́rẹ́ ti tán. Wọ́n gbé e sí àárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà, wọ́n forí lé Òkìtìpupa. Wọn kò tíì kọjá Igbodigo tó fi kú. Ambrose ka ìyẹn náà. Ó tì í sínú dúróà, ó pa dúróà dé, ó sì lọ sí ìpàdé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn ọ̀gá Fìtílà bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ibi tí Wòlíì ti ń ríran. Ẹnì kan nínú wọn ló rántí pé Àríyọ̀ lorúkọ nọ́ọ̀sì wọn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ní oṣù kìíní 1995, wọ́n ti ilé ìwòsàn náà pa, wọ́n sì kọ̀wé sí Mildred pé agbára kò ká a mọ́. Ojúlùmọ̀ kan ní Fìtílà ló sọ ìdí rẹ̀ gan-an fún Ambrose, pé wọ́n fẹ́ dí ibi tí àṣírí wọn ti ń jò. Ibẹ̀ ni àìfararọ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó fara dà á fún ọdún kan àti ààbọ̀. Kò sí lẹ́tà nípa oògùn mọ́, kò sì sí èrè ilé-iṣẹ́ kankan tó lè sọ tẹ́lẹ̀ kó ṣẹ. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó dá ọkọ̀ padà, ó wá sílé. Mildred kò mọ ohun kan nínú gbogbo rẹ̀.

Ilé ìwòsàn náà kò ju yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Àwòrán fìtílà tí ilé-iṣẹ́ kùn sára ògiri ti ṣí. Àwọn ará abà ti bẹ Mildred títí pé kó jẹ́ kí àwọn máa kó àgbàdo síbẹ̀, kò gbà. Gbogbo Sátidé ló ń gbá a. Ó ṣí àpótí irin kan, ó kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde fún Ṣìkẹ́mi, ìdùnnú sì hàn lójú rẹ̀ pé ẹnì kan wá béèrè wọn. Ọjọ́ tí oògùn dé wà níbẹ̀, oríṣi rẹ̀ wà níbẹ̀, àti iye tó kù lóṣooṣù, láti 1986. Ọwọ́ ìkọ̀wé Mildred dúró ṣinṣin bí ọmọ ogun tó tò.

Ambrose dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí i tí Ṣìkẹ́mi ń ṣí ìwé ọdún 1993, tó ń ṣí ti 1994, tó wá mú abala ìwé tí àsọtẹ́lẹ̀ Ambrose wà jáde nínú fáìlì rẹ̀, tó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Mildred. Ìka rẹ̀ ń lọ láti ìwé kan sí èkejì. Nígbà tó pẹ́, ìka náà dúró.

“Màmá,” ó ní, “láwọn ọdún wọ̀nyẹn, ta lẹ máa ń sọ ọ̀rọ̀ oògùn yìí fún?”

Mildred ronú díẹ̀. “Ta ni n óò sọ ọ́ fún? Àwọn tó ń gbé e wá kì í fèsì lẹ́tà. Ọmọ mi nìkan ni mo ń kọ ọ́ sí.”

Ṣìkẹ́mi kò gbójú sókè. Ẹnu ọ̀nà ti ṣófo, wọ́n sì gbọ́ ìró alùpùpù tó gbiná níta.

Ambrose kò mọ ibi tó ń lọ. Ó kọjá Igbodigo, ó wọ Òkìtìpupa, kò dúró. Ó gba ọ̀nà Ìrẹ̀lẹ̀ lọ láàárín oko ọ̀pẹ, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lójú títí omi fi ń bọ́. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò purọ́ fún ìyá òun rí. Ó ń sọ pé òun kọ́ ni kò gbé oògùn wá, Fìtílà ni. Ó ń sọ pé bí òun bá tilẹ̀ dákẹ́ tí òun kò sọ àsọtẹ́lẹ̀ kankan, èrè wọn ì bá já síbẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tó mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nínú wọn. Ní Ìrẹ̀lẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó ra ẹ̀pà, kò jẹ ẹ́. Ó béèrè ọ̀nà tó mọ̀ dunjú lọ́wọ́ bàbá kan. Ó rò ó bóyá kó kúkú máa bá a lọ sí Ọrẹ̀, kó wọ ọkọ̀ Èkó láti ibẹ̀. Nígbà tó wo epo tó kù nínú táńkì, ó rí i pé ilé nìkan ló lè gbé òun dé.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tó padà. Ṣìkẹ́mi dúró sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ létí ọ̀nà, ó ń wá ọ̀kadà. Ambrose pa ẹ̀rọ, ó sì sọ̀kalẹ̀.

“N kò sọ nǹkan kan fún Màmá,” Ṣìkẹ́mi ní. “Ọ̀rọ̀ yín ni, kì í ṣe tèmi.” Ó gbá fáìlì rẹ̀ mọ́ àyà. “Ṣé ẹ mọ ohun tó dùn mí? Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń ka lẹ́tà ìyá kan, tí mò ń pè é ní ìwà ọmọlúwàbí ilé-iṣẹ́.”

Ó ní òun yóò padà wá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Bí Ambrose kò bá tíì sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ nígbà náà, òun kò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Òun yóò kàn yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìṣírò òun, òun yóò sì máa lọ.

Ẹ̀yìnkùlé ni Ambrose ti bá ìyá rẹ̀, tó ń mọ pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wọn, rìbìtì-rìbìtì, tó ń tò wọ́n sórí àjà iná kí èéfín lè mú wọn gbẹ. Mildred ní kó jókòó. Ó jókòó, ó dìde, ó sì sọ ọ́ lórí ìdúró. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1991, kò fo ohunkóhun. Ó sọ ti páálí mẹ́tàlá. Ó sọ ti bírò pupa àti ìlà tó fà. Ó sọ ìdí tí wọ́n fi ti ilé ìwòsàn pa. Ó rò pé ibẹ̀ ni ìyá òun yóò ti kígbe, nítorí iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mildred kò kígbe. Ó ń mọ pupuru rẹ̀ lọ.

“Ìwé tí mo kọ nípa abẹ́rẹ́,” ó ní, “o kà á?”

“Mo kà á, Màmá.”

“O kà á tán?”

“Mo kà á tán.”

“Ibi tí mo ti ní kó o bá mi wá díẹ̀?”

Ambrose mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mildred gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. “Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ìwé yẹn sọnù ní pósítọ́fíìsì,” ó ní. “Mo mọ̀ pé àwọn yòókù dé ọwọ́ rẹ, nítorí o máa ń fèsì sí wọn. Ti ìyẹn nìkan lo kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo wá àwáwí fún ọ. Mo ní ọmọ mi kò lè rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó dákẹ́.”

Ambrose kúnlẹ̀. Mildred ní kó dìde, òun kọ́ ló yẹ kó kúnlẹ̀ fún. “Ilé Jethro ni kó o lọ,” ó ní. Ó mú pupuru náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ́ padà, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí wọ́n fi wọlé sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oko ni Ambrose ti bá Jethro, tó ń kọ ebè. Ọmọbìnrin rẹ̀, Olúwabùkúnmi, tó lé ní ọdún méjì, jókòó sórí aṣọ lábẹ́ ìbòòji, ó ń ya ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Jethro kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ṣíà, kò sì fẹ́ kí Ambrose ṣàlàyé rẹ̀. Ó fi ara ti ọkọ́, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

“Ká ní ọjọ́ tó o ka ìwé náà lo rán abẹ́rẹ́, ṣé ì bá ti dé?”

Ambrose, tó ti fi ọdún mẹ́jọ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ fún àwọn ẹlòmíì, bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó lọ́kàn láìfẹ́. Ọkọ̀ Èkó sí Ọrẹ̀, Ọrẹ̀ sí Òkìtìpupa, ọ̀kadà wá sí abà. Ó wá gbogbo ibi tí ìdádúró lè gbà wọlé, kò rí èyí tó tó nǹkan.

“Ì bá ti dé lọ́jọ́ kejì,” ó ní. “Ì bá sì ti wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.”

Jethro yí padà sí ebè rẹ̀. Ó kọ ọ̀kan, ó kọ èkejì. Ọkọ́ ń wọlẹ̀ jìn ju bó ti yẹ lọ. Ambrose dúró síbẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí.

“Máa lọ, Ambrose,” Jethro ní, láìwẹ̀yìn. “N kò fẹ́ kí ọmọ yìí rí ojú mi báyìí.”

Nígbà tí Ṣìkẹ́mi dé lọ́sàn-án, Mildred ló bá a sọ̀rọ̀. Ó ti to ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì ti fi abala ìwé sí ibi tó yẹ kó ṣí. Ó ní kó kọ gbogbo rẹ̀. Ó ní kó kọ ọ́ pé ẹni tó ń sọ èrè Fìtílà tẹ́lẹ̀ kò sí ní Èkó, ó wà ní Abà Orímisan, abẹ́rẹ́ ló sì ń kà. Kó sì kọ orúkọ Gbémi síbẹ̀. Ṣìkẹ́mi rọra ṣàlàyé pé wọn kì í sábà kọ orúkọ ẹni bẹ́ẹ̀ sínú irú ìwé yìí.

“Fìtílà lórúkọ nínú ìwé rẹ, ọmọ mi,” Mildred ní. “Gbémi náà lórúkọ.”

Ṣìkẹ́mi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó gbé padà kò mú inú ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ dùn. Nígbà tó yọ àsọtẹ́lẹ̀ Ambrose kúrò, ìdáhùn tó ti ń tàn bí oòrùn tẹ́lẹ̀ rọ pọ̀ọ́. Ó ní láti fi ọdún kan kún ìwádìí náà, kó sì kọ orí tuntun lórí ìtọrẹ tí ilé-iṣẹ́ bá gé kù láìpariwo, àti àwọn tí ìyà rẹ̀ ń kọ́kọ́ jẹ kí àwọn oníṣíà tó mọ̀. Ó rí oyè náà gbà nígbẹ̀yìn. Ó fi ìwé ránṣẹ́ sí Mildred láti sọ fún un, ó sì kọ nọ́ńbà ojú ìwé tí orúkọ Gbémi wà.

Ambrose kó àkọsílẹ̀ ìyá rẹ̀ lọ sí kánsù Òkìtìpupa. Dora ló mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ kó rí. Wọ́n ní kó padà wá. Ó padà. Wọ́n ní ọ̀gá kò sí nílé. Ó tún padà. Ó lọ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, nínú òjò àti nínú ẹ̀rùn, ó ń rìn sókè sódò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn débi pé akọ̀wé kan bẹ̀bẹ̀ pé kó jókòó, òòyì ń kọ́ òun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1998, kánsù gba ilé náà, wọ́n sì dá Mildred padà síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń kó wá kò tó nǹkan. Ambrose ta ìwọ̀nba ṣíà tó kù fún òun fúnra rẹ̀, ó fi ra abẹ́rẹ́ kún un, ó sì ń bá wọn kọ ìwé àkọsílẹ̀.

Mildred ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ń rán an níṣẹ́, ó ń bu oúnjẹ fún un. Ṣùgbọ́n kò bá a jókòó tàkúrọ̀sọ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì sọ ọ́ rí pé òun ti dárí jì í. Ambrose náà kò béèrè.

Ní ọjọ́ kan ní oṣù karùn-ún, Mildred lọ gbẹ̀bí ní ìhà Òṣòòrò. Ambrose nìkan ló wà ní ilé ìwòsàn nígbà tí Jethro dé, ọmọ rẹ̀ ní èjìká. Láti ọjọ́ tó ti wá bá a lóko, wọn kò tíì bá ara wọn sọ ju kíkí lọ. Ara ọmọ náà gbóná janjan. Ambrose ní Màmá kò ní pẹ́ dé. Ó ṣí ìwé, ó sì béèrè orúkọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

“O mọ orúkọ rẹ̀,” Jethro ní.

Ambrose kọ ọ́. Jethro tẹ̀ síwájú, ó wo ìwé náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀wé púpọ̀, ó fi ìka kan àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ambrose ní orúkọ ìyá ọmọ ni.

“Kọ ọ́,” Jethro ní.

Kò tíì kọ ọ́ tán nígbà tí Mildred wọlé, tó gba ọmọ náà, tó gbé e lọ sínú. Láìpẹ́ ó yọ orí jáde pé oògùn ibà olómi ti tán, Òkìtìpupa nìkan ni wọn ti lè rí i. Òjò ti ṣú bolẹ̀ lókè oko ọ̀pẹ. Ambrose mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù, ó sì ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí pé Jethro ṣì dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, pé yóò ní láti dúró de òun.

“N óò tètè dé,” ó ní.

Jethro jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó wo ojú ọ̀run.

“Má pẹ́,” ó ní.